Bọ́ọ̀lù mẹ́tàdínlọ́gọ́ta fún wíkẹ́ẹ̀tì kan: àlàyé iṣẹ́ James Anderson

Ní oṣù Keje ọdún 2024, ní pápá Lord's ní ìlú London, àwọn eléré ikọ̀ méjì tò sí ọ̀tún àti òsì kí ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélógójì kan lè gba àárín wọn kọjá. Gbogbo èrò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. James Anderson, ajubọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì, ni ọkùnrin náà, Jimmy ni àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ máa ń pè é. Ọjọ́ yẹn ló parí iṣẹ́ tó ti ń ṣe fún ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, òǹkà kan ṣoṣo sì ni gbogbo ìròyìn ń tún pè: 704.

Àǹtí mi kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú ọba ya àwòrán ìwé ìròyìn náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n ní, "Ìwọ tó máa ń wo eré yìí, kí ni wọ́n ń kà fún ọkùnrin yìí? Ṣé góòlù ni? Ojú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pọ́n lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀, mi ò mọ ohun tí màá bá wọn sọ." Mo dá wọn lóhùn pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Kì í ṣe góòlù. Ẹ fún mi láyè kí n jókòó tò ó fún yín dáadáa." Ohun tí mo tò fún wọn nìyí, mo wá fi díẹ̀ kún un.

Ìdíwọ́ àkọ́kọ́ wà lára ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Wíkẹ́ẹ̀tì ni 704 tí wọ́n ń kà, àmọ́ ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ wíkẹ́ẹ̀tì nínú kíríkẹ́ẹ̀tì. Igi mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n gbé igi tín-ín-rín méjì lé lórí, wíkẹ́ẹ̀tì ni. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tó nǹkan bí ogún mítà láàárín igi ti ìhín àti igi ti ọ̀hún, wọ́n ń pe òun náà ní wíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kẹta ni ti Anderson: nígbàkigbà tí ajubọ́ọ̀lù bá rí ọ̀nà lé ẹni tó di pátákó mú kúrò lórí pápá, ó mú wíkẹ́ẹ̀tì kan nìyẹn. Ìgbà 704 ni ẹnì kan dúró níwájú Anderson pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́, tí onítọ̀hún sì ti pátákó rẹ̀ bọ abẹ́ abíyá, ó kọrí sílé.

Bí ẹ bá ti gba Oníkàn kọjá ní Èkó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tafawa Balewa Square, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí wọn: àwọn ènìyàn tó wọ funfun láti òkè dé ilẹ̀, tí ẹnì kan á sáré bọ̀ láti òkèèrè, á fi apá rẹ̀ yí gbiri lókè orí, á sọ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ síwájú ẹni tó di pátákó mú. Òun ni ajubọ́ọ̀lù. Kò gbọdọ̀ ṣẹ́ ìgúnpá rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ òkò. Apá gbọdọ̀ nà. Onípátákó ní tirẹ̀ fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù náà lọ jìnnà, kí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ tó wà ní apá ọ̀hún lè sáré pààrọ̀ ipò. Ìsáré yẹn ni wọ́n ń kà fún ikọ̀ rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá yí dé etí pápá, ìsáré mẹ́rin ni. Bó bá fò kọjá láìkanlẹ̀, mẹ́fà.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń lé onípátákó jáde? Ọ̀nà rẹ̀ pọ̀, mẹ́ta ló jẹ mọ́ irú ajubọ́ọ̀lù tí Anderson jẹ́. Bọ́ọ̀lù lè yọ́ kọjá pátákó, kó gbá igi wó. Ó lè kan etí pátákó fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹni tó dúró lẹ́yìn hán an kó tó kanlẹ̀. Ó sì lè bá ẹsẹ̀ onípátákó nígbà tó jẹ́ pé igi gan-an ni ì bá lọ bá bí ẹsẹ̀ kò bá dí i. Rẹfirí á na ìka kan sókè, ó parí. Ènìyàn 11 ló wà nínú ikọ̀, méjì-méjì ni wọ́n sì ń di pátákó mú. Bí mẹ́wàá bá ti jáde, ẹni tó kù kò ní ẹnìkejì mọ́, ikọ̀ kejì ló kàn.

Irú kíríkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Test, tí orílẹ̀-èdè ń bá orílẹ̀-èdè ṣe, lè gba ọjọ́ márùn-ún. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń di pátákó mú lẹ́ẹ̀mejì. Ibí yìí ló máa ń rú àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lójú jù. Kí ìsáré ikọ̀ kan pọ̀ jù nìkan kò tó láti borí. Bí ọjọ́ márùn-ún bá pé, tí ẹ kò tíì lé àwọn alátakò yín jáde tán, ọ̀mì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsáré tiyín fi ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ju tiwọn lọ. Nítorí náà, kí ikọ̀ kan tó lè borí nínú Test, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ dandan pé kó mú wíkẹ́ẹ̀tì ogún. Onípátákó lè kó ìsáré jọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ajubọ́ọ̀lù ló máa parí iṣẹ́.

Ẹ wá wò ó báyìí. Nínú Test 188 tí Anderson ṣe, bọ́ọ̀lù tó jù lé ní 40,000. Ẹ fi 704 pín in, ẹ óò rí i pé bọ́ọ̀lù mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló ń ná an láti mú wíkẹ́ẹ̀tì kan. Ìgbà mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló máa sáré bọ̀, tó máa fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀ kíkan-kíkan, tó máa jù ú, tí nǹkan kan ò sì ní ṣẹlẹ̀, tàbí kí wọ́n gbá a lọ sí etí pápá. Á yí padà, á rìn lọ síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, á tún sáré bọ̀. Òǹkà kejì tí ẹ máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ ni 26.45. Iye ìsáré tí àwọn onípátákó ń rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀kan nínú wọn tó jáde nìyẹn. Bí òǹkà yìí bá ṣe kéré tó ni ajubọ́ọ̀lù ṣe dára tó. Ẹni tí tirẹ̀ wà ní nǹkan bí ọgbọ̀n, iṣẹ́ ń lọ. Ẹni tó wà ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fún ọdún mọ́kànlélógún, ọ̀gá ni.

Ènìyàn méjì péré ló mú wíkẹ́ẹ̀tì jù ú lọ nínú Test: Muttiah Muralitharan ọmọ Sri Lanka tó ní 800, àti Shane Warne ọmọ Ọsirélíà tó ní 708. Àmọ́ ìka àti ọrùn ọwọ́ ni àwọn méjèèjì fi ń ṣiṣẹ́. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń gbé, wọ́n á wá lọ́ bọ́ọ̀lù kó lè yí lójú ilẹ̀. Anderson ń sáré wá jù ú ni, ní nǹkan bíi kìlómítà 135 ní wákàtí kan. Irú iṣẹ́ yẹn máa ń ba ẹ̀yìn, orúnkún àti kókósẹ̀ jẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó pé ọdún márùndínlógójì. Kò sí ajubọ́ọ̀lù eléré sísá mìíràn tó dé 700 rí. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù ni Stuart Broad, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jù ú láti apá méjì pápá fún ọ̀pọ̀ ọdún; 604 ni tirẹ̀.

Burnley ni wọ́n bí Anderson sí, ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Keje ọdún 1982. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ̀lé líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ orúkọ ìlú náà nítorí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé pápá kíríkẹ́ẹ̀tì ìlú náà àti Turf Moor tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ fara kan ara wọn ni. Dókítà ojú tó ń ṣe gíláàsì ni bàbá rẹ̀. Ẹgbẹ́ ìlú ni ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò tó ń ṣeré ní òpin ọ̀sẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé òun kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà tí òun wà lọ́mọdé, àfi ìgbà tí òun tó bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí ara dédé fà, tí bọ́ọ̀lù òun sì di ohun tí àwọn àgbàlagbà ń sá fún. Lancashire, káǹtì ìbílẹ̀ rẹ̀ (ìyẹn agbègbè tó ní ikọ̀ tirẹ̀), mú un wọlé. Ọdún 2002 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré fún wọn, kí ọdún náà sì tó parí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pè é.

Ọmọ ogún ọdún ni. Ọsirélíà ló wà pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ eléré nígbà tí àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ń fara pa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bá ní kó wá dí àlàfo. Ó yá débi pé kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀. Ní Adelaide, nínú oòrùn tó ń jó ènìyàn lára, ó ju ófà mẹ́wàá (bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló ń jẹ́ ófà kan), ìsáré méjìlá péré ni àwọn ọmọ Ọsirélíà rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó lágbára jù lágbàáyé nígbà náà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ní May 2003, ó wọ Test àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Lord's, wọ́n ń bá Zimbabwe ṣeré, ó sì mú wíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún nínú ìpín kan ṣoṣo, ìyẹn ìgbà kan tí ikọ̀ kejì di pátákó mú.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń ṣe sí bọ́ọ̀lù kò lè mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń sunkún ní Lord's.

Awọ pupa ni, ó wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 160, ó le bí igi. Wọ́n rán abala méjì pọ̀, ìlà òwú ìránṣọ náà sì ga sókè díẹ̀ yípo àárín rẹ̀, ẹ ó fi ìka mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ń ṣeré lọ, àwọn ikọ̀ tó ń jù ú á máa nu ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ ṣòkòtò wọn kó máa dán. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí àbàwọ́n pupa lára ṣòkòtò funfun wọn. Wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kejì máa hó, kó máa rí pálapàla. Ìtọ́ ni wọ́n máa ń fi sí i tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà àrùn Kòrónà ni wọ́n ti ní kò gbọdọ̀ jẹ́ ìtọ́ mọ́, òógùn nìkan. Nígbà tí ajubọ́ọ̀lù bá wá jù ú, tí ìlà òwú náà sì dojú kọ ọ̀nà kan díẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ tó dán kọjá á tètè kúrò lára bọ́ọ̀lù, èyí tó ń gba ẹ̀gbẹ́ tó hó àti ìlà òwú á dàrú, á lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́ díẹ̀ sí i. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń ti bọ́ọ̀lù. Á máa bọ̀ tààrà, á wá yà lójú afẹ́fẹ́ sí ìhà tó hó.

Ẹ rántí pé bí ó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan ni yóò dé ọ̀dọ̀ onípátákó. Onítọ̀hún ti gbé ẹsẹ̀, ó ti pinnu ibi tí yóò gbé pátákó sí, kí bọ́ọ̀lù tó yà. Bí ó bá yà ju ìbú ìka mẹ́ta lọ, kò ní kan pátákó rárá. Bí ó bá yà ní ìwọ̀nba, etí pátákó ló máa kàn, àwọn tó dúró lẹ́yìn ti ń retí rẹ̀. Anderson lè mú kó yà jáde, kúrò lára onípátákó, ó sì lè mú kó yà wọlé bá ẹsẹ̀ rẹ̀. Apá kan náà, ìsáré kan náà, ọrùn ọwọ́ nìkan ló yí díẹ̀. Ó tún máa ń fi ọwọ́ kejì bo bọ́ọ̀lù bó ṣe ń sáré bọ̀, kí onípátákó má baà rí ẹ̀gbẹ́ tó dán.

Nígbà tó di ọdún 2010, ó rí ohun tí Mohammad Asif ọmọ Pakistan ń ṣe: ó ń jù ú kí ìlà òwú máa mì lẹ́gbẹ̀ẹ́-lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ó ti ń lọ, tó fi jẹ́ pé ajubọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò mọ ìhà tí yóò yà sí bó bá kanlẹ̀. Anderson lọ kọ́ ọ. Ó ti di ọ̀gá nígbà yẹn o, síbẹ̀ ó wo iṣẹ́ alátakò, ó gbé e délé.

Bí bọ́ọ̀lù bá wá gbó gan-an, ọ̀rọ̀ á yí padà. Á bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ìhà tó dán, òdìkejì ohun tí mo sọ lókè. Èyí ló ṣòro jù láti ṣàkóso, òun ni wọ́n sì máa ń nílò ní ilẹ̀ bí India, níbi tí ilẹ̀ gbẹ, tí bọ́ọ̀lù ń tètè hó. Àwọn kan máa ń sọ pé ojú ọjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń ṣú ló ń bá Anderson ṣiṣẹ́, pé bó bá kúrò nílé kò ní nǹkan kan. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ní Chennai, ọjọ́ karùn-ún Test, ẹni ọdún méjìdínlógójì ni. Shubman Gill, onípátákó India, ti kó ìsáré àádọ́ta, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Anderson gba bọ́ọ̀lù tó ti gbó. Ó jù ú, ó yà wọlé, ó gbá igi Gill tu kúrò nílẹ̀, igi náà ń ta kìtì lọ sẹ́yìn. Ajinkya Rahane wọlé. Nínú ófà kan náà, ohun kan náà: igi rẹ̀ fò, ó ń yí gbiri. Kò kó ìsáré kan. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì borí ní ọjọ́ náà. Kò sí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run Chennai. Ní 2012 náà, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ borí India nílé wọn, balógun India, Mahendra Singh Dhoni, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé Anderson ló fa ìyàtọ̀ láàárín ikọ̀ méjèèjì.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń borí. Ní 2014, ìgbà mẹ́rin ló lé Virat Kohli, onípátákó India, jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ọ̀lù tó ń yà jáde ló sábà fi ń mú un. Kohli lọ tún ara rẹ̀ ṣe. Nígbà tó padà wá ní 2018, ó kó ìsáré 593 nínú Test márùn-ún, Anderson kò mú un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn wà lára ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ yìí: àwọn méjì máa bá ara wọn pàdé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, kálukú ti lọ ronú lórí ẹnìkejì rẹ̀.

Àwọn ọdún tó tẹ̀lé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nira ju bí òǹkà ṣe ń sọ ọ́ lọ. Bí Anderson bá ń ju bọ́ọ̀lù, orí rẹ̀ máa ń tẹ̀ wálẹ̀, kì í wo ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá tó fi í sílẹ̀. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá bẹ̀rù pé yóò ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, wọ́n ní kó yí bó ṣe ń jù ú padà. Bó ṣe yí i padà, eré rẹ̀ dínkù, bọ́ọ̀lù kò yà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní 2006, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ wá sán, ohun tí wọ́n ní àwọn ń dènà gan-an. Nígbà tó gbádùn, ó padà sí bí ó ti ń jù ú ní Burnley, orí rẹ̀ sì ń tẹ̀ wálẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ìgbà ọ̀tun rẹ̀ dé ní 2008, ní Wellington ní New Zealand. Wọ́n yọ Matthew Hoggard àti Steve Harmison kúrò, àwọn àgbà ajubọ́ọ̀lù méjì, wọ́n fi Anderson àti Broad rọ́pò. Ó mú wíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún. Láti ọjọ́ yẹn, àyè rẹ̀ nínú ikọ̀ kò mì mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Díẹ̀díẹ̀ limú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ní 2015 ó kọjá 383 tí Ian Botham ní, tí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan kò kọjá rí, ní 2018 ó kọjá Glenn McGrath ọmọ Ọsirélíà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ó dé 600, nínú pápá tó ṣófo nítorí Kòrónà, ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ní Dharamsala ní ẹsẹ̀ òkè Himalaya, ó mú Kuldeep Yadav, ó di 700.

Àǹtí mi tún bi mí pé báwo ni ẹnì kan ṣe ń ṣeré fún Lancashire, tó tún ń ṣeré fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ta ló ń san owó rẹ̀? Ìbéèrè tó dára ni. Káǹtì méjìdínlógún ló wà nínú kíríkẹ́ẹ̀tì àwọn ọkùnrin níbẹ̀, òun ni ilé tí wọ́n ti ń tọ́ eléré. Láti ọdún 2000, àjọ tó ń darí kíríkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá àwọn tó dára jù tọwọ́ bọ̀wé tààrà, àjọ náà ló ń sanwó fún wọn, òun ló sì ń pinnu ìgbà tí wọ́n lè lọ bá káǹtì wọn ṣeré. Ọmọ Lancashire ni Anderson ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àmọ́ àwọn ará Manchester lè má rí i lórí pápá wọn ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ láàárín ọdún kan.

Ibẹ̀ náà ni ìdàrúdàpọ̀ òǹkà ti ń wá. Ẹ máa rí 704 níbì kan, 991 níbòmíràn, òmíràn á ní ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún. Gbogbo rẹ̀ ló tọ́. 704 ni ti Test nìkan. Ó tún mú 269 nínú ìdíje ọlọ́jọ́ kan pẹ̀lú bọ́ọ̀lù funfun, ati 18 nínú ti ófà ogún, gbogbo rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Àpapọ̀ wọn ni 991. Ti ẹgbẹ̀rún ni ti gbogbo eré ọlọ́jọ́ púpọ̀, Test àti ti káǹtì pọ̀. Ó pé ẹgbẹ̀rún yẹn ní oṣù Keje ọdún 2021, ó ń ṣeré fún Lancashire, ó sì lé àwọn ará Kent méje jáde lọ́jọ́ náà fún ìsáré mọ́kàndínlógún péré. Torí náà, ẹ má ṣe ro 704 pọ̀ mọ́ ẹgbẹ̀rún, ọ̀kan ti wà nínú èkejì. Ní 2015 ló fi bọ́ọ̀lù funfun orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ara rẹ̀ gbà á dé ogójì ọdún.

Ajubọ́ọ̀lù náà gbọdọ̀ di pátákó mú bó bá kàn án. Ẹni kọkànlá ni Anderson máa ń jẹ́, ìyẹn ẹni tí kò mọ pátákó dì tó àwọn yòókù. Àmọ́ òun ló máa ń wà níbẹ̀ nígbà tí gbogbo nǹkan bá dé góńgó. Ní Cardiff ní 2009, òun àti Monty Panesar gba bọ́ọ̀lù 69 tó kẹ́yìn lọ́wọ́ Ọsirélíà láìjáde, wọ́n sì ta ọ̀mì. Ti Leeds ní oṣù Kẹfà ọdún 2014 ló wà lọ́kàn mi jù. Wọ́n ń bá Sri Lanka ṣeré, ọjọ́ karùn-ún ti ń lọ sópin, Anderson ló kù pẹ̀lú Moeen Ali. Bí wọ́n bá lè dúró títí ófà tó kẹ́yìn yóò fi parí, ọ̀mì ni. Anderson gba bọ́ọ̀lù 54. Kò wá ìsáré kankan, ó kàn ń dí i, ó ń fi àyà gbà á. Ó ku bọ́ọ̀lù méjì. Shaminda Eranga jù ú kó ta sókè bá a lójú, ó fi pátákó gbà á, bọ́ọ̀lù fò, wọ́n hán an. Òdo ló kó. Nígbà tí wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níwájú kámẹ́rà, omi lé ròrò sójú rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà, ní Nottingham, òun kan náà yìí àti Joe Root kó ìsáré 198 pọ̀ lójú India, ohun tí àwọn méjì tó kẹ́yìn kò ṣe rí nínú ìtàn Test. 81 ni Anderson kó nínú rẹ̀.

Ìparí rẹ̀ kò wá láti ọwọ́ ara rẹ̀. Ní 2024, akọ́nimọ̀ọ́gbá Brendon McCullum, balógun Ben Stokes àti Rob Key tó jẹ́ ọ̀gá ikọ̀ pè é sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Manchester. Wọ́n sọ fún un pé àwọn ń wo ọjọ́ iwájú, pé àwọn ní láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ajubọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ìrìn àjò Ọsirélíà. Àwọn kan bínú. Mo lóye wọn, torí kò tíì sí àmì pé ọwọ́ rẹ̀ ti rọ̀. Mo sì lóye àwọn mẹ́ta yẹn náà. Wọ́n fún un ní Test kan sí i, ní Lord's, kí wọ́n lè dágbére fún un.

Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì ló lu agogo tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó mú wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lára West Indies. Èyí tó kẹ́yìn ni Joshua Da Silva, bọ́ọ̀lù kan etí pátákó rẹ̀, aṣọ́gi, ẹni tó ń dúró lẹ́yìn igi, hán an. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta náà ni Gudakesh Motie gbá bọ́ọ̀lù kan padà tààrà sọ́wọ́ Anderson. Ó rọrùn láti mú. Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ì bá ti di 705. Gus Atkinson, ọ̀dọ́mọkùnrin tí Test àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn, ti mú méjìlá ní tirẹ̀.

Kò lọ jókòó sílé. Wọ́n fi orúkọ Sir kún orúkọ rẹ̀ ní 2025, ní ọdún yẹn kan náà ló sì padà sí Lancashire. Ní oṣù Kẹfà, ó ṣe eré ófà ogún, irú èyí tí kò ṣe láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó lé àwọn ará Durham mẹ́ta jáde. Ní pápá kíríkẹ́ẹ̀tì Old Trafford ní Manchester, apá kan wà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí rẹfirí bá ń pe apá tí wọ́n ti fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, James Anderson End ni wọ́n ń pè é. Àǹtí mi ti ní àwọn fẹ́ gba ọjọ́ kan níbi iṣẹ́, kí àwọn wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wò ó níbẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá wíkẹ́ẹ̀tì tó bá mú lọ́jọ́ náà á sọ ọ́ di 705. Mo ní rárá o, Àǹtí, ti káǹtì nìyẹn. Ti Test ti dúró sí 704.